Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Keje

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yàrá keje? Mo ní ta ni! Ṣé ìwọ lo bí ìyá ẹ ni, tí wàá fi máa lé e kúrò nílé? Kúrò níwájú mi, olójú ewúro!"

Màámi, bí Ìyá Àgbà ṣe pariwo mọ́ mi nìyẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Kò tíì tó wákàtí kan. Gbogbo àlejò tó ń jẹun àárọ̀ nísàlẹ̀ ló gbọ́, ẹnì kan tó ń da wàrà sínú tíì rẹ̀ da á sórí tábìlì. Mo wà ní yàrá ìfọṣọ báyìí, mo jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ ṣíìtì, mo fi orúnkún ṣe tábìlì.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ́kọ́ kí yín, inú tó ń bí mi á ti rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.

Ẹjọ́ mi rèé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe ní ilé ìtura yìí: yàrá tó bá ń retí ẹnì kan, a máa ń yí ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ògiri lórí pátákó, kí nọ́ńbà rẹ̀ má hàn, kí ẹnikẹ́ni má fi gba àlejò. Tàwọn tó kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ kì í ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Tiyín ti kọjú sógiri fún ọdún méje. Ọdún méje, Màámi! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n yí i, ní báyìí mo ti ga ju pátákó náà lọ. Gbogbo Sátidé ni Ìyá Àgbà ń gbé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún gun àtẹ̀gùn, tó ń pààrọ̀ ṣíìtì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé. Èmi ni mo wá ń fọ èyí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ti fọ aṣọ tó mọ́ rí? Kò sí iṣẹ́ tó ń múnú bíni tó o.

Àná ni wọ́n ṣe ìgboyè ní yunifásítì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, yàrá mẹ́rìnlá kún fọ́fọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta, òjò ń rọ̀, tọkọtaya arúgbó kan wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ọkọ, àbíkẹ́yìn wọn ló fẹ́ gboyè. Wọ́n ti lọ sí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì onígíláàsì tó wà lójú ọ̀nà tuntun, wọ́n ní kò sí àyè. Omi ń kán lára bàbá náà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, àga lásán náà tó wa." Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo yí kọ́kọ́rọ́ yín.

Wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n lọ. Ìyá náà ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò tíì wọ yàrá tó ń kíni káàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní gíláàsì aláwọ̀ tó wà lókè fèrèsé da àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé sórí ibùsùn láàárọ̀, bí ẹni tẹ́ aṣọ mìíràn lé e. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo yí kọ́kọ́rọ́ padà, mo rò pé ó tán. Róòbù ló tú àṣírí mi. Bàbá tíṣà ti fi róòbù pa ẹsẹ̀, òórùn rẹ̀ wọ tìmùtìmù lọ. Òní sì ni Sátidé. Ìyá Àgbà ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó ń fa imú bí ológbò. Ìgbà tó yá ni ariwo sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe béèrè ẹ. Ṣé ẹ ń bọ̀ wálé ni, àbí ẹ ò bọ̀? Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dá ọjọ́. Tí ẹ ò bá bọ̀, ẹ jẹ́ kí n máa fi yàrá gba ẹni tí òjò ń pa.

Èmi ni ọmọ yín,
Afajúro (kò sí ẹlòmíràn tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́)


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Afajúro mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún Ìyá Àgbà fúyẹ́ díẹ̀? Èmi náà wà, mo ń dúpẹ́. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà ẹ. Mo rẹ́rìn-ín nítorí róòbù, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ọ̀gá wa bi mí bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá, wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi ni. Kò yé e.

Ọmọ mi, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? "Ẹ dá ọjọ́." Ṣé bí wọ́n ṣe ń bi ìyá ẹni ní ìbéèrè nìyẹn? Èyí tó dùn mí jù ni pé o fi yàrá mi gba àlejò, o tún ń retí kí inú mi dùn. Àbí ẹ ti gbàgbé mi débẹ̀? Níbi tí mo wà yìí, kò sí ibì kan tó jẹ́ tèmi. Àwa méjì là ń gbé yàrá kan, èmi àti obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Tí mo bá ń wọlé, òun ń jáde. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, mo máa ń sọ fún ara mi pé yàrá kan ṣì wà níbì kan tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sógiri nítorí mi. Jọ̀ọ́, má bà á jẹ́ fún mi.

Àjà mọ́kàndínlógún ni òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá mẹ́rìndínlógún ni mò ń tún ṣe lójúmọ́, gbogbo wọn jọra bí ẹyin. Káàdì ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Bí àlejò bá lọ, wọ́n á pa káàdì ẹ̀ rẹ́, ó parí, bí ẹni pé kò wá rí. Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Láti ọdún méje, mi ò tíì gbọ́ kí àtẹ̀gùn kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, lífítì là ń wọ̀.

Ó ṣe, ṣé àtẹ̀gùn kẹta ṣì ń sunkún? Ọpọ́n ìwẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn ńkọ́, tó wà ní yàrá kẹta, tó dà bí màlúù tó fẹ́ dìde? Ọ̀jọ̀gbọ́n yàrá kejì, ṣé ó ṣì wà láyé, ṣé ó ṣì ń wọ táì sọ̀kalẹ̀ wá mu tíì? Aago yunifásítì, ṣé wọ́n ti tún un ṣe, àbí ó ṣì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́? Kọ gbogbo ẹ̀ sí mi. Má fo ọ̀kan.

Ilé ẹ̀kọ́ ẹ ńkọ́? Ìyá Àgbà kọ̀wé pé nítorí orúnkún òun lo ṣe dúró nílé. Orúnkún wo ló ń fi ọdún méjì dá ọmọ dúró? Ṣé kì í ṣe pé ọ̀lẹ ti gùn ẹ́?

Màá wá lọ́dún tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín dé ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo ń wá ìdáhùn ìbéèrè mi bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rí i. "Lọ́dún tó ń bọ̀" kì í ṣe ọjọ́. Ọdún tó ń bọ̀ ti ń bọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì karùn-ún, kò tíì dé.

Mo kọ́kọ́ ní èmi náà ò ní dá yín lóhùn, ká jọ wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ti wọ etí mi, mi ò lè gba ibi àtẹ̀gùn kọjá mọ́ kí n má tẹ́tí. Ó ṣì ń sunkún. Tí èèyàn bá ń gòkè nìkan ni. Téèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, á dákẹ́. Káfíńtà kan fẹ́ kàn án ní ìṣó, Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ọn, òun á kan tirẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ní àtẹ̀gùn yẹn lòun fi ń mọ ẹni tó ń gòkè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá láti yunifásítì mìíràn wá wo ìwé ìdánwò lo ọjọ́ mẹ́wàá níbí, ó ń fo àtẹ̀gùn náà kọjá lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìwé gègèrè lápá, torí pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tó ń lọ ló tó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí òun fi dágbére.

Ọpọ́n ìwẹ̀ ti pàdánù ẹsẹ̀ kan. Ìwé òfin ńlá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbàgbé la fi tì í. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní níkẹyìn, òfin ti wúlò fún aráàlú. Ó ṣì wà láyé o, táì ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Wọ́n ti gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹ̀ ní yunifásítì, síbẹ̀ ó ń lọ sí ilé ìkàwé ní gbogbo àárọ̀. Tó bá dé, á dúró níwájú tábìlì mi bí àjèjì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá wà?" Èmi á ní, "Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, sà." Ó ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ eré yẹn, nígbà tí ẹ wà ní ọjọ́ orí mi. Ẹ ò sọ fún mi rí.

Aago ti ń fi ìṣẹ́jú méjìlá pẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọkàn ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó sáré.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ní ọ̀lẹ gùn mí. Ó dáa. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rèé, ẹ wá ibi jókòó. Kì í ṣe orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Nígbà kejì, wọ́n ka orúkọ wa síta lórí ìlà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí kíláàsì iwájú, èmi nìkan ni mo ga láàárín àwọn ọmọ kéékèèké bí òpó iná. Ọmọ ìlú yunifásítì tí ò mọ̀wé! Àwọn òbí ń ti ọ̀nà jíjìn gbé ọmọ wọn wá síbí kó lè kàwé, wọ́n ń sùn sí yàrá wa, wọ́n ń gbàdúrà nínú ẹ̀, èmi ni mò ń fọ ṣíìtì tí wọ́n fi gbàdúrà. Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo wọ yàrá ìfọṣọ, mo ní mi ò lọ mọ́. Ìyá Àgbà ló ní ká sọ pé orúnkún òun ni. Ó ní orúnkún òun lágbára tó láti ru irọ́ kan.

Ẹ má bínú sí òun. Ẹ bínú sí èmi. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Màámi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mi ò rí ìlà kan. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń sá fún mi. Tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, láti ìkòríta lọ́hùn-ún ni á ti na ọwọ́ méjèèjì sókè pé òfìfo ni. Ṣé ọ̀rọ̀ ìṣirò ló dùn yín tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé mo fi ẹnu mi ba nǹkan jẹ́?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi. Ìyá Àgbà ti fi aṣọ funfun bo gbogbo àga tó wà ní pálọ̀. Èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan là ń jẹun àárọ̀, òun ní orí tábìlì lọ́hùn-ún, èmi ní ìhín, a ń pariwo kí ara wa bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Ìyá Àgbà ní òun náà fẹ́ kọ nǹkan sísàlẹ̀. Ó ní kí n má wò ó. Mo máa wò ó.

Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ìyá ẹ ló ń kọ èyí. Má ṣe ka ohun tí ọmọ yìí ń kọ sí àfojúdi. Ó mọ ilé yìí ju èmi lọ báyìí, àní àlejò tó bá ti sùn síbí lẹ́ẹ̀kan, ó ń mọ irú ìrọ̀rí tó fẹ́ràn. Mo bú u nítorí róòbù. Mi ò tọrọ gáfárà, ìyá kì í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n mo din ẹyin méjì fún un, ó yé e. Kọ̀wé sí wa. Bó o bá fẹ́, kọ pé "mo wà" kó tán síbẹ̀.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní

Afajúro mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Kì í ṣe pé mi ò kọ. Mo ń kọ, mo ń ya. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ẹ, ojú tì mí, ojú ara mi ló tì mí. Ọmọ mi dúró lórí ìlà níjọ́ tí wọ́n ka orúkọ ẹ̀ síta, èmi ń bẹ níbí, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tí mi ò mọ ojú ẹ̀.

O ní kí n dá ẹ lóhùn bó o ṣe béèrè. Ó dáa. Mi ò ní padà wá gbé. Bí àyè bá yọ, màá wá kí yín. Ṣùgbọ́n kí n kó ẹrù wálé, rárá. Mo ti pẹ́ jù níbí. Ara mi ti mọ́ ọn, bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ bàtà tó há mọ́ra. Àbí ìwọ rò pé mo lè wá jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí n máa ṣe bí ẹni pé mi ò kúrò níbẹ̀ rí?

Ṣùgbọ́n ìwọ lè wá. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú àpò ìwé yìí. Òfin ibí ni pé òbí lè mú ọmọ ẹ̀ wá, bí ọmọ náà ò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún. Fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì wọn kí ọjọ́ ìbí ẹ tó pé, ìyẹn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, o ti di àgbàlagbà lójú wọn, ilẹ̀kùn ti pa dé nìyẹn, wọn kì í ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà, torí náà kó má kọjá ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta kó o tó fi í ránṣẹ́. Àdírẹ́sì wọn wà lókè ẹ̀. Kí ẹnì kan tó níyì, tó sì mọ̀ ẹ́ dáadáa, fọwọ́ sí i pé ìwọ ni.

Obìnrin tí a jọ ń gbé ti kó lọ. Mo ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbí fún àwọn tó ti dúró lágbedeméjì, àgbà ló pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Mo mọ̀ pé wàá ní, Ìyá Àgbà ńkọ́? Èmi náà ń bi ara mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń dé tí mo fi ń ya ìwé.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáhùn yìí látọjọ́ tó pẹ́, ìgbà tó wá dé, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gba àga lábẹ́ mi.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ká aṣọ ìnura, mo kà á fún un látòkè délẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀? Ẹ wá ń gun òkè lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo Sátidé?"

Ó ní, "Dókítà ní kí n máa gun àtẹ̀gùn kí orúnkún má gan. Ṣé kí n wá máa gùn ún láìnídìí, bí wèrè?"

Ó wá ká aṣọ ìnura kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Lọ bá ìyá ẹ. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó lọ, ìjókòó ẹ̀ kì í dùn." Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ohun tí àlejò gbàgbé, ó fa àpótí aláwọ̀ búráùn kan jáde, ó nù ún títí ó fi ń dán. Mo ní, "Ìyá Àgbà, àpótí àlejò ni o." Ó ní ọdún kọkànlá rèé tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé ẹ̀, tó bá wá béèrè, òun á ní ó rìnrìn àjò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ní kó kọ iye ọdún tó ti mọ̀ mí, ó kọ ọ́ pé òun ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń rá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi àyè bíńtín sílẹ̀ níbẹ̀, ó wá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ ìwé lọ. Nígbà tó ti ilé ìkàwé dé lọ́jọ́ yẹn, ó dúró níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá wà?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti ń gòkè.

Gbogbo ẹ̀ ti pé báyìí, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Fọ́tò mi ò dáa, mo fajúro nínú ẹ̀. Inú mi dùn, Màámi. Ẹ̀rù tún ń bà mí. Mi ò tíì gbé ilé kan rí tí mi ò mọ ohùn ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùyẹ̀wò ìdánwò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yàrá mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbà wọ́n tán. Màá fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé ilé wà? Ṣé àlejò ń wọlé? Lẹ́tà tí ìwọ àti Ìyá Àgbà jọ kọ ti dé, mo mọ̀ pé a ti gba ara wa kọjá lọ́nà. Mi ò lè dúró de ìdáhùn, ọwọ́ ń yún mi. Mo ti ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ti sún bẹ́ẹ̀dì ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì nìkan ni wàá máa rí, má retí gíláàsì aláwọ̀.

Kó o tó kúrò, bá mi wo àwọn nǹkan kan. Ṣé orúkọ mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí mo fi abẹ́rẹ́ họ ọ́ sí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Kí ló ń rùn níbẹ̀ báyìí, ṣé ọṣẹ àti káńfọ̀ náà ni? Ìwé àlejò àkọ́kọ́, tí bàbá Ìyá Àgbà ṣí ní ọdún tó kọ́ ilé yẹn, ọdún kan náà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀, ta ló ń nu eruku ara ẹ̀? Bá mi ka ojú ìwé kìíní. Àga tó wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, tó máa ń gbé èèyàn mì títí dé ìgbáròkó, ṣé wọn ò tíì jù ú nù? Ọ̀sán tí gbogbo àlejò bá ti jáde lọ sí yunifásítì, tí ilé dákẹ́, tí aṣọ tí a sá sẹ́yìnkùlé ń lu ara wọn pẹ̀pẹ̀pẹ̀, ṣé ó ṣì ń rí bẹ́ẹ̀?

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ bi mí níjọ́sí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní láti ilé oníyàrá mẹ́rìnlá ni. Ó rò pé ọlọ́rọ̀ ni mí! Mo sọ ohun tó o kọ nípa ọpọ́n ìwẹ̀ àti ìwé òfin fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ti ń bi mí ní gbogbo àárọ̀ báyìí pé, "Ilé yẹn ńkọ́, kí ló tún ṣẹlẹ̀?" Lóòótọ́ ni mo sọ fún ẹ, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ju èyí tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí mo wà lọ. Tí lẹ́tà ẹ bá pẹ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n pa iná ibẹ̀.

Máa bọ̀. Tó o bá dé, a ó máa fi ẹnu rìn gba inú ẹ̀ kọjá, láti ẹnu ọ̀nà dé òrùlé.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Màámi,

Lẹ́tà yìí ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ka ṣíìtì ni mò ń kọ ọ́ sí, mi ò sì ní ya á.

Àná ni lẹ́tà yín dé. Mo lọ wo gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n wò. Orúkọ yín ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ dojú dé. Ọṣẹ ń rùn níbẹ̀, káńfọ̀ ti tán, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ò tíì mọ̀. Èmi ni mò ń nu eruku ìwé àlejò àkọ́kọ́. Ojú ìwé kìíní ní: "Mo sùn dáadáa. Ilé yìí yóò pẹ́." Mi ò rí ẹni tó kọ ọ́, omi ti pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Mo jókòó sórí àga tó ń gbé èèyàn mì, ó gbé mi mì, ibẹ̀ ni mo ti ronú.

Tí mo bá wá, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ a ó fi ẹnu rìn gba inú ilé yìí kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì, a ó tún rìn. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹ ó ní, "Kí ló tún ṣẹlẹ̀?" mi ò ní mọ̀. Èmi náà á wá máa bi yín. Àwa méjì á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, a ó máa bi ara wa léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí mọ́. Ta ni obìnrin ibi iṣẹ́ yín yẹn á wá máa bi láàárọ̀?

Kí n má parọ́ jẹ, kì í ṣe nítorí yín nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò bi mí pé ta ló ni ilé yìí. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Èmi ni." Ara mi gbóná wá sí ojú mi. Ìyá Àgbà kàn gbé ìwé orúkọ àlejò sún mọ́ mi, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ó ṣeé ṣe kí n kábàámọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí mo ṣì ń fọ ṣíìtì, bóyá màá bú ọmọbìnrin tó jókòó sórí àga yìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ̀wé pé mi ò wá, ẹ ó rò pé ẹ̀yin ni mo kọ̀. Ọdún méje tí mo fi bínú, ẹ ó ní ó ti rí ibi gbẹ̀san. Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ìyẹn sùn.

Torí náà, ohun tí mo máa ṣe rèé. Màá kọ lẹ́tà tó gùn sí yín lónìí, màá dáhùn gbogbo ìbéèrè yín, màá ní fọ́ọ̀mù ti ń bọ̀ lọ́nà. Kò ní tíì máa bọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án á kọjá, á wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹrìndínlógún, màá wẹ̀, màá wọ aṣọ tó dáa, màá gbé e lọ sí pósítọ́ọ̀fíìsì níṣojú gbogbo ènìyàn, màá lẹ sítáǹbù tó pé mọ́ ọn. Á dé ọ́fíìsì wọn nígbà tí mo bá ti di àgbàlagbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n á bú àwọn oníwèé ìrìnnà. Ẹ̀yin á bú ọ̀nà pé ó jìn. Ìyá Àgbà á wojú mi, á wò ó pẹ́, mi ò sì ní sọ fún un.